Ọ̀rá Tí Kò Yó

Bó èèpo ara wóró kòkó gbígbẹ kúrò, ohun tó kù sí ọ lọ́wọ́, ó lé ní ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀rá. Ìdànrè wà lára àwọn ìlú tí kòkó ti ń jáde jù lọ ní Nàìjíríà, nítorí náà ọ̀rá ni ìlú náà ń rọ sínú àpò lọ́dọọdún, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ra kòkó a fi ọ̀bẹ la wóró mélòó kan, a wo àwọ̀ inú wọn, a gbé wọn símú. Kò wọn ásíìdì kankan, àmọ́ iṣẹ́ tí àwọn ará yàrá ìwádìí ń fi ẹ̀rọ ṣe ni imú rẹ̀ ń ṣe. Kòkó tí òjò pa níbi tí wọ́n sá a sí lórí àpáta, tó wá bu nínú àpò, ọ̀rá inú rẹ̀ á ti máa já sí wẹ́wẹ́. Èyí tó já kúrò lára ọ̀rá yẹn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ásíìdì ọ̀rá. Ní Yúróòpù, òfin kò gbà kí ó ju 1.75 lọ nínú ọgọ́rùn-ún bọ́tà kòkó, ìyẹn ọ̀rá tí wọ́n fún jáde lára wóró náà.

Ásíìdì ọ̀rá: ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ẹni tó fẹ́ fi Yorùbá kọ nípa ìmọ̀ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Yorùbá tó bá gbọ́ "ásíìdì", bátìrì ọkọ̀ ló máa kọ́kọ́ rántí, tàbí ìwà ìkà tí àwọn kan ń fi í hù. Mo ti rí i tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí "èròjà kíkan inú ọ̀rá". Ó dùn létí, ṣùgbọ́n irọ́ ni ó ń pa, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò kan lẹ́nu rárá. Mo fara mọ́ ásíìdì. Kí a ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí a sì máa lò ó lọ.

Ọ̀rá fúnra rẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jà Aládé ní Ìdànrè, bí o bá ní kí wọ́n fi tòmátì rẹ sínú ọ̀rá, láílọ́ọ̀nù ni wọn yóò fà yọ. Ẹni tó bá wá kọ "hóró ọ̀rá bíńtín" sínú ìwé ìlera, fún hóró tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe láti gbé oògùn, apá kan nínú àwọn òǹkàwé rẹ̀ á rò pé àkúfọ́ láílọ́ọ̀nù tó ń wọ inú ẹja òkun ló ń sọ, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ sì nìyẹn. Ìṣọ̀rí hóró bẹ́ẹ̀ kan tilẹ̀ wà tí awọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá, tí inú rẹ̀ jẹ́ omi. Bí a bá pè é ní "àpò ọ̀rá", ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ pátápátá. Lọ́wọ́ kejì, Yorùbá kò ní orúkọ kan tó kó ọ̀rá àti gbogbo ẹbí rẹ̀ pọ̀. Epo dá dúró, òróró dá dúró, bẹ́ẹ̀ ni àdín, òrí, àti ìda oyin. Bí ohun náà ṣe rí nínú ìkòkò la fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kí a yá lípídì fún ẹbí náà, kí a sì fi ọ̀rá sílẹ̀ fún èyí tó ń dì.

Ibi tí èdè wa ti rọ̀ṣọ̀mù ni ọ̀rọ̀ yíyó. Ásíìdì ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ kábọ́ọ̀nù tó tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlà gígùn, háídírójìn sì so mọ́ wọn lára. Bí gbogbo àyè tó yẹ kí háídírójìn wà bá ti kún, ọ̀rá náà yó. Bí kábọ́ọ̀nù méjì bá fi ìdè méjì di ara wọn mú dípò kí wọ́n gba háídírójìn sí i, àyè ṣì wà níbẹ̀, ọ̀rá náà kò yó. Ásíìdì óléíkì, tó pọ̀ nínú epo pupa, ní kábọ́ọ̀nù 18 àti ibi kan ṣoṣo tí kò yó. Línóléíkì ní méjì. DHA, tó wà nínú ọ̀rá ẹja títùs, ní kábọ́ọ̀nù 22 àti ibi mẹ́fà. Ọ̀sán kan nínú oòrùn tó fún ọ láti mọ ìyàtọ̀ wọn: ọ̀rá ẹja á ti máa rùn, bọ́tà kòkó lè yọ́ ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kò ní yí padà, torí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún rẹ̀ ló yó.

Mo fi "ọ̀rá àìyó" lọ bàbá kan tó ní oko kòkó lọ́nà Ìdànrè. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Bí kò bá yó, kí ló wá ń jẹ?"

"Afẹ́fẹ́ ni, bàbá. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́."

"Ó wá yó tán, ó bàjẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kò sí olùyẹ̀wò ìwé tó lè bi mí ní ìbéèrè tó dára ju èyí lọ. Ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ kí ẹni tí kò kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì béèrè ohun tó kàn, tí ìdáhùn rẹ̀ sì bá ìmọ̀ mu, ọ̀rọ̀ yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Ó tún jẹ́ kí fítámì E rọrùn láti ṣàlàyé: òun ni ọ́síjìn máa kọ́kọ́ kọlù kí ó tó kan ọ̀rá. Epo pupa kún fún un, ìyẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kí kẹ̀ẹ̀gì epo pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

Àmọ́ àìyó kò tó fún gbogbo wọn. Ìṣọ̀rí ásíìdì ọ̀rá kan wà tí náítírójìn àti ọ́síjìn jọ lẹ̀ mọ́ ibi tí ọ̀rá kò yó. Bruce Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ ńlá lórí wọn. Ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe díẹ̀ nínú wọn, pàápàá nínú ikùn, níbi tí ásíìdì kíkan wà. Wọn a yára lẹ̀ mọ́ àwọn purotéènì kan nínú sẹ́ẹ̀lì, wọn a sì mú kí ara wíwú rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n sọ wọ́n sínú omi lásán, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi túká. Nínú ọ̀rá, wọn a máa pẹ́. Báwo ni a ṣe fẹ́ pe irú ìwà yìí? Àwọn kan ń sọ "ayáradàpọ̀", èmi kò sì gbà. Gààrí àti omi ń dàpọ̀, síbẹ̀ gààrí ṣì jẹ́ gààrí. Ohun tí à ń sọ yìí ń di nǹkan mìíràn. "Oníjàgídíjàgan" náà kò dára, nítorí ìwà kan náà tó ń ba ásíìdì yìí jẹ́ nínú ìgò ló ń fi ṣe oògùn nínú ara. Mo ń lo "ayáralẹ̀mọ́". Ó ṣe pàtó, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Bí a ṣe ń pa ásíìdì yìí mọ́ nínú ọ̀rá wá ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Rainer Müller ní Jámánì àti Maria Rosa Gasco ní Ítálì wà lára àwọn tó fi ọ̀nà hóró ọ̀rá líle lélẹ̀. Wọn a yọ́ ọ̀rá lórí iná, wọn a jẹ́ kí oògùn tú sínú rẹ̀, wọn a pò ó kíkankíkan mọ́ omi gbígbóná tó ní èròjà bí ọṣẹ, wọn a sì jẹ́ kó tutù. Bí ó bá ti tutù, ó di hóró. Ẹni tó bá túmọ̀ èyí sí "wé" tàbí "pọ́n" kò wo iṣẹ́ náà dáadáa. Ẹ̀kọ tí wọ́n pọ́n, ewé rẹ̀ wà lóde, ẹ̀kọ wà nínú. Hóró yìí kò ní ewé kankan, ọ̀rá tó dì náà ló gbé oògùn mì. Ọ̀rọ̀ tó bá a mu ti wà nílẹ̀ tipẹ́: epo ń dì, a sì ń di ẹrù. Ohùn kan náà ni, iṣẹ́ méjèèjì ni hóró yìí sì ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. "Ọ̀rá adirù" ni mo ń pè é.

Ọ̀rá tó bá yó jù a máa dì gbọningbọnin, a sì máa ti ẹrù rẹ̀ síta bó ṣe ń pẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi òróró díẹ̀ lú u, kí inú rẹ̀ má baà tò jù, kí àyè wà fún ẹrù. Bọ́tà kòkó náà wà lára ohun tí wọ́n ti fi ṣe irú hóró bẹ́ẹ̀. Ó ń yọ́ ní nǹkan bí 34 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ara ènìyàn gbóná ju ìyẹn lọ díẹ̀.

Ní ti bí hóró náà ṣe kéré tó, nánò, ẹ jẹ́ kí a yá a. "Bíńtín" kì í wọn nǹkan. Iyanrìn jẹ́ bíńtín, iyọ̀ jẹ́ bíńtín, ẹ̀bùn tí kò tẹ́ ni lọ́rùn náà jẹ́ bíńtín. Nanómítà kan jẹ́ ẹyọ kan nínú bílíọ̀nù mítà, hóró ọ̀rá inú abẹ́rẹ́ kòrónà irú ti Moderna sì jẹ́ nǹkan bí 100 nanómítà. Abẹ́rẹ́ Moderna tí Amẹ́ríkà fi ta Nàìjíríà lọ́rẹ, mílíọ̀nù 4, dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2021. Ẹni tó bá gbà á, ẹbí ọ̀rá adirù ti wọ apá rẹ̀. Àjẹsára ni gbogbo wa pè é, kò sì sí ẹni tó jẹ ẹ́. Láyé àtijọ́, oògùn tí wọ́n ń jẹ kí ó wà lára kí ibi má baà ràn wọ́n ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí; abẹ́rẹ́ dé, ọ̀rọ̀ náà gba abẹ́rẹ́ mọ́ra láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ tí n kò fẹ́ràn ni "ìjíṣẹ́" fún bí hóró yìí ṣe ń dé inú ara. Ẹni tó jíṣẹ́ mọ ilé tí wọ́n rán an. Èyí tí wọ́n bá fi sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń já sí, bóyá ibẹ̀ la rán an tàbí ibẹ̀ kọ́. Alárù ló jọ mí lójú, ó gbé ẹrù, ó sì sọ ọ́. Ibi tó sọ ọ́ sí, àwọn onímọ̀ ṣì ń bá a jà.

A kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fífi Yorùbá sọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lónìí. Láti 1970 ni ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣáájú, ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, àmọ́ gírámà, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dá lé, kò dé yàrá kẹ́mísírì. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní yunifásítì LAUTECH, Agbaje Lateef àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde ní 2016 lórí bí wọ́n ṣe fi omi èèpo kòkó ṣe hóró nánò fàdákà. Èèpo yẹn náà ni ó ń jẹrà nídìí igi ní gbogbo oko Ìdànrè. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́.

Gbólóhùn tí mo kọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rèé: "Ọ̀rá adirù jẹ́ hóró nánò tó máa ń dì pẹ̀lú ásíìdì ọ̀rá ayáralẹ̀mọ́ nínú rẹ̀, kí omi àti ọ́síjìn má baà bà á jẹ́ kí ó tó dé inú sẹ́ẹ̀lì." Olùkọ́ kan ní Ìdànrè kà á, ó ní ó gùn jù fún ọmọ tó ń dàwé kọ, kí n gé e sí méjì níbi "kí omi". Mo ti gé e.