Ìtàn Ìṣẹ̀dálẹ̀ Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Functional Programming ní Glasgow

Nígbà tí ẹ̀wádún 1980 ń lọ sópin ni àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Glasgow, nílẹ̀ Scotland, kó ara wọn jọ nítorí functional programming, ìyẹn ọ̀nà kíkọ ètò kọ̀ǹpútà tó fara mọ́ ìṣirò pẹ́kípẹ́kí, níbi tí iye tí a bá ti sọ lórúkọ kì í ti í yí padà mọ́. John Hughes àti Philip Wadler wà lára àwọn tó dúró ti iṣẹ́ náà. Simon Peyton Jones sì dara pọ̀ mọ́ wọn láti London ní ọdún 1989.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, níbi àpérò kan ní Portland ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ti rí i pé èdè functional programming tó wà nílẹ̀ lé ní méjìlá, tí wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra tán, ni wọ́n bá pinnu láti ṣe ẹyọ kan tí gbogbo ènìyàn lè lò. Wọ́n sọ ọ́ ní Haskell, ní ìrántí onímọ̀ ìṣirò náà, Haskell Curry, tó kú ní 1982. Wadler àti Paul Hudak ti Yunifásítì Yale ni olóòtú ìwé àlàyé èdè náà tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1990.

Wadler kan náà àti Stephen Blott ló gbé type class jáde ní 1989, ọgbọ́n kan tó dára púpọ̀. Àmì ìròpọ̀ kan náà ni a fi ń ro odindi nọ́ńbà pọ̀, tí a sì fi ń ro nọ́ńbà oní-dẹ́símà pọ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ ń ṣe fún méjèèjì. Type class ni ìlànà tí èdè náà fi ń mọ èyí tó yẹ láti inú irú nọ́ńbà tí a fún un.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpáílà Haskell, ètò tí ń túmọ̀ ohun tí ènìyàn kọ sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́, ni iṣẹ́ tó sọ ẹgbẹ́ náà di olókìkí. Kevin Hammond fi èdè mìíràn, LML, kọ àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 1989. Àwọn ènìyàn ráhùn, nítorí pé megabyte 4 sí 8 ni ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ wọn ní, kọ̀ǹpáílà yìí nìkan sì ń gba ju 2 lọ. Nígbà ìwọ́wé ọdún náà ni wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, tí Cordelia Hall, Will Partain àti Peyton Jones fi Haskell fúnra rẹ̀ kọ ọ́. Ìpinnu yìí ló tóbi jù nínú ìtàn wọn, nítorí pé àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ náà ni àléébù rẹ̀ kọ́kọ́ ń dà láàmú. Ẹ̀dà ìdánwò jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1991, ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kejìlá 1992.

Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kúrò nílùú lọ ṣe àpérò: Fraserburgh, èbúté àwọn apẹja, ní 1989, Ullapool ní 1990, Portree ní erékùṣù Skye ní 1991. Níbẹ̀ ni olúkúlùkù ti ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ síwájú ẹgbẹ́, tí ilé-iṣẹ́ Springer sì ń tẹ àkójọ wọn jáde.

Hughes lọ sí Sweden ní 1992, Wadler lọ sí Amẹ́ríkà ní 1996, Peyton Jones sì lọ sí Cambridge ní 1998 pẹ̀lú iṣẹ́ kọ̀ǹpáílà náà, tí wọ́n ṣì ń pè ní Glasgow Haskell Compiler.