Obìnrin Tí Kò Dìde

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára. Ìwọ ọ̀dọ́ tí o ń ka ìwé yìí, má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ojo ni èyí. Gbọ́ ìtàn Rosa Parks, kí o lè mọ bí ẹ̀sọ̀ ti lágbára tó.

Nígbà ayé rẹ̀, ní ìlú Montgomery ní ìpínlẹ̀ Alabama ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin pín àwọn èrò bọ́ọ̀sì sí ọ̀nà méjì. Iwájú ni ti àwọn aláwọ̀ funfun, ẹ̀yìn ni ti àwọn adúláwọ̀. Bí iwájú bá kún, awakọ̀ a lé adúláwọ̀ dìde kí aláwọ̀ funfun lè jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni owó kan náà ni gbogbo wọn ń san.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1955, Rosa Parks, aránṣọ tí ó jẹ́ ẹni ọdún 42, ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Awakọ̀ ní kí òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn dìde. Àwọn mẹ́ta dìde. Rosa kò dìde. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò janpata, kò sì sá nígbà tí a pe ọlọ́pàá. Wọ́n mú un, ilé ẹjọ́ sì bu ìtanràn dọ́là 10 lé e, pẹ̀lú dọ́là 4 fún ìnáwó ẹjọ́.

Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Láti ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, àwọn adúláwọ̀ Montgomery kò wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Olórí wọn ni Martin Luther King, àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ó jẹ́ ẹni ọdún 26. Àtọmọdé àtarúgbó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi iṣẹ́, àwọn tí ó ní ọkọ̀ sì ń gbé àwọn tí kò ní. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Rosa. Ní oṣù Kìíní ọdún 1956, àwọn ọ̀tá ju bọ́ǹbù sí ilé King nígbà tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wà nínú ilé. Àwọn ènìyàn rẹ̀ péjọ pẹ̀lú ìbínú, àwọn mìíràn mú ohun ìjà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n King bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà sílé, kí wọ́n má gbẹ̀san. Ọjọ́ 381 ni wọ́n fi rìn, kí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà tó fòpin sí òfin náà.

Ọ̀rẹ́ mi, ṣe àkíyèsí èyí: ẹni tí ó rú òfin nítorí ìfẹ́ inú ara rẹ̀ a máa fara pamọ́, ẹni tí ó kọ òfin burúkú nítorí ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn a dúró ní gbangba, a sì fara da ohun tí ó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Bí ọjọ́ kan bá dé tí a rẹ́ ọ jẹ, má ṣe wá òkúta. Bi ara rẹ léèrè bóyá ẹsẹ̀ rẹ lè rìn fún ọjọ́ 381.