Wàrà sóyà: bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti ọ̀nà tí àwọn ará Ṣáínà ń gbà jẹ ẹ́

Ẹni tó bá ra wàrà sóyà gbígbóná lẹ́bàá títì n'Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Emùré, tófù ló rà, bí kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lórúkọ yẹn. Àwọn Haúsá ń pè é ní awara, beske sì ni láwọn ìlú Yorùbá kan. Kì í ṣe wàrà Fúlàní o. Wàràa ti Fúlàní, omi ọmú màlúù ni wọ́n fi ń ṣe é, ewé bomubomu ni wọ́n sì máa ń fi mú un dì. Ẹ̀wà lásán ni ti sóyà.

Ọdún 1908 ni wọ́n gbin ẹ̀wà sóyà sí Moor Plantation n'Ìbàdàn. Ó pẹ́ kó tó wọnú ìkòkò. Ní 1987, iléeṣẹ́ ìwádìí IITA n'Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò láti kọ́ àwọn aráàlú bí wọ́n ṣe lè fi sóyà se oúnjẹ ilé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Wọ́n á ṣa ẹ̀wà, wọ́n á rẹ ẹ́ mọ́jú, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi aṣọ sẹ́ ẹ. Omi funfun tó jáde ni wọ́n á gbé kaná. Ibí yìí ló gba sùúrù: omi sóyà máa ń ru sókè kó tó jinná rárá. Kí ẹ dín iná kù, kí ẹ máa rò ó, kó sì hó dáadáa fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí sóyà tí kò jinná máa ń da inú rú. Lẹ́yìn náà ni omi ògì kíkan tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ á wọ̀ ọ́. Tó bá ti dì, ẹ dà á sínú aṣọ, ẹ gbé òkúta lé e, kí omi ro dànù.

Bí Ṣáínà ṣe ń jẹ ẹ́

Ó ti lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti ń jẹ tófù níbẹ̀. Èyí tí wọn ò fún rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, ṣíbí ni wọ́n fi ń bù ú: apá àríwá ń fi ọbẹ̀ oníyọ̀ jẹ ẹ́, apá gúúsù ń fi omi ṣúgà. Ní ìlú Chengdu, wọ́n ń sè é pẹ̀lú ata àti ẹran lílọ̀. Mapo doufu lorúkọ rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá jẹ́ kó di yìnyín máa ń ní ihò bíi kànìnkànìn, ó sì máa ń fa ọbẹ̀ mu. Wọ́n tún ń jẹ́ kí òmíràn kan kó tó dín in: òórùn rẹ̀ le, àmọ́ ẹni tó bá mọ irú kò ní sá fún un.

Nínú ìkòkò tiwa

Nígbà tí ẹran ti di ọ̀wọ́n, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé wàrà sóyà kì í ṣe ìpanu nìkan. Nínú ẹ̀wà sóyà gbígbẹ, ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá tó jẹ́ purotéènì, tó ń mú ara ọmọdé dàgbà. Ẹ kọ́kọ́ dín in díẹ̀ kó má baà fọ́, kí ẹ tó sọ ọ́ sínú ẹ̀fọ́ rírò, ọbẹ̀ ata tàbí ẹ̀gúsí tí ẹ fẹ́ fi jẹ iyán. Ẹ jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ tí ẹ ṣe é tí kò bá sí fíríìjì. Tó bá ti ń yọ̀ tàbí tó ń kan, ẹ dà á nù. Ẹni tí sóyà kò bá lára mu, kó má fọwọ́ kàn án.