Áyọ́ọ̀nù Màmá Iléṣà

Àwa tí a dàgbà sí Òṣogbo ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn mọ bí báàgì tó ti Amẹ́ríkà dé ṣe máa ń rùn: ọṣẹ, lọ́fínńdà, aṣọ tuntun. Ṣùgbọ́n báàgì tí a ò lè gbàgbé, Iléṣà ni wọ́n ti tú u. Àbúrò bàbá wa fi áyọ́ọ̀nù iná kan ránṣẹ́ sí ìyá wọn, Màmá Iléṣà, kí màmá lè sinmi áyọ́ọ̀nù eléèédú. Plọ́ọ̀gì rẹ̀ ní eyín pẹlẹbẹ méjì péré, kò wọ sókẹ́ẹ̀tì wa. Ẹ̀gbọ́n wa kan gé e dànù, ó fi eléyín mẹ́ta rọ́pò rẹ̀. Màmá tẹ́ ìró léèsì tí wọ́n ń tọ́jú de Ìwúdè Ògún sórí tábìlì. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí èéfín fi rú, irin abẹ́ áyọ́ọ̀nù pọ́n, iná dá ìró lu, fíùsì ilé já.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni àbúrò bàbá wa pè lórí fóònù. Màmá ní áyọ́ọ̀nù náà dára gan-an, wọ́n wúre fún un títí káàdì rẹ̀ fi tán. Wọ́n wá kọjú sí wa: "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún un o. Iṣẹ́ òru lọmọ mi ṣe kó tó rà á."

Ọ̀pọ̀ ilé ní Òṣogbo àti nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ní irú àṣírí yìí. Wọ́n á ní NEPA ló jó o, tàbí kí wọ́n ní ayé ni. NEPA ṣẹ̀ wá lóòótọ́, àmọ́ ti áyọ́ọ̀nù yìí kọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí NEPA.

Ara áyọ́ọ̀nù náà ni wọ́n kọ ọ́ sí: 120 fólítì, 1200 wáàtì. Iná tiwa jẹ́ 230, nígbà míì 240. Ẹni tó bá wò ó lóréfèé á ní ṣebí ìlọ́po méjì ni. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú wáyà tó ń gbóná, bí fólítì bá di ìlọ́po méjì, iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá náà á di ìlọ́po méjì, ooru á wá di ìlọ́po mẹ́rin. Wáàtì 1200 di 4800 lórí 240 fólítì. Ààrò la gbé lé ìró màmá.

Ta ló wá pín ayé sí méjì báyìí? Ní 1882, Thomas Edison tan iná fún apá kan ìlú New York láti Pearl Street. 110 fólítì ló lò, torí ó bá gúlóòbù ayé ìgbà yẹn mu. Nígbà tí àwọn Westinghouse fi iná tó ń lọ tó ń bọ̀ borí tirẹ̀, wọ́n yan 60 hertz, ìyẹn ni pé iná náà ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Jámánì, ilé iṣẹ́ AEG yan 50. Yúróòpù sì gbé fólítì sókè sí 220, torí bí fólítì bá ga, wáyà tín-ínrín ti tó láti gbé iṣẹ́ kan náà, owó bàbà á dínkù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ò kọ́kọ́ gún: ìlú kan ń lo tirẹ̀, ìlú kejì ń lo tirẹ̀, àfi ìgbà tí òfin 1926 dé tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ sórí 50. Japan ò tíì gún títí dòní. Tokyo ra ẹ̀rọ Jámánì, Osaka ra ti Amẹ́ríkà, nítorí náà 50 ni ìlà-oòrùn, 60 ni ìwọ̀-oòrùn. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tí òkun ya lù wọ́n ní 2011, apá kan ní iná, kò sì rọrùn láti fún apá kejì. Àwa tó ń kọ software mọ irú gbèsè yìí dáadáa. Ẹnì kan á yan nọ́ńbà kan lọ́sàn-án ọjọ́ kan torí ó yá, a ò sì ní lè yọ ọ́ kúrò mọ́ láé.

Tiwa, ẹni tó ń ṣàkóso wa ló bá wa yàn án. Iná dé Èkó ní 1896, ECN dé ní 1950, ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ló sì borí. Liberia, tí òun àti Amẹ́ríkà mọwọ́ ara wọn, lo 120 fólítì àti 60 hertz fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ká ní Monrovia ni Màmá ń gbé ni, ìró ì bá máà jó. Plọ́ọ̀gì eléyín mẹ́ta tó ní igun yẹn náà, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni. 1947 ni ìlànà rẹ̀ jáde, lẹ́yìn ogun, nígbà tí bàbà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí fíùsì fi wà nínú ikùn rẹ̀. Sókẹ́ẹ̀tì oníhò róbótó mẹ́ta tí ẹ máa ń rí nínú ilé àwọn bàbá wa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Èyí tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín ni pé Òṣogbo gan-an ni orí iná Nàìjíríà. Nígbà tí Kainji bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968, wáyà 330 kílófólítì gba Jẹ́bà wá sí Òṣogbo kó tó kọjá sí Ìbàdàn àti Èkó. Ní 1972, ECN àti àjọ tó ni ìsédò náà di NEPA. Wọ́n ti yí orúkọ padà lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ti ta apá kan rẹ̀ ní 2013, NEPA náà la ṣì ń pè é. Yàrá tí wọ́n ti ń ṣọ́ iná gbogbo orílẹ̀-èdè, National Control Centre, Òṣogbo ló wà, 50 yẹn sì wà lára ohun tí ojú wọn kì í kúrò lórí rẹ̀. Bí iná tí àwọn èèyàn ń fà bá ju èyí tí àwọn ẹ̀rọ lè pèsè lọ, yíyí àwọn ẹ̀rọ náà á falẹ̀, 50 á di 49, á máa já bọ̀. Bí wọn ò bá tètè já àwọn ìlú kan kúrò, gbogbo rẹ̀ á dá wó. Ìgbàkígbà tó bá wó, wọ́n á dárúkọ Òṣogbo nínú ìròyìn. Inú òkùnkùn làwa ará Òṣogbo ti ń gbọ́ ọ, ìyẹn ẹni tí bátìrì rédíò rẹ̀ ò bá tíì kú.

Àbúrò bàbá wa, tí ò mọ nǹkan kan, tún fi aago onírédíò ránṣẹ́ lọ́dún kejì. Ẹ̀gbọ́n wa ti gbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ó ra step-down tó ń sọ 230 di 110. Aago tan, nọ́ńbà pupa yọ, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n láàárín wákàtí kan, aago ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ̀yìn. Step-down ń dín fólítì kù, kò lè fọwọ́ kan 50. Aago yìí ń ka 60 kó tó gbà pé ìṣẹ́jú àáyá kan ti pé, 50 péré ló sì ń rí kà. Kò ṣáà ráyè mú kí Màmá pẹ́ dé ìsọ́ òru, torí NEPA kì í jẹ́ kó lo wákàtí mẹ́ta kó tó padà sí 12:00, táá máa ṣẹ́jú.

Fídíò ìgbà tó gboyè náà dé. NTSC ni Amẹ́ríkà ń lò nígbà náà, PAL ni tiwa. Ìlà dúdú funfun tó ń sá kiri ojú tẹlifíṣọ̀n la rí. Màmá ní àwọn rí i, pé fìlà yẹn yẹ ọmọ àwọn.

Kí Tòkunbọ̀ tó di orúkọ fíríìjì àlòkù, orúkọ ọmọ ni. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Òṣómàáló tí kì í kúrò nídìí gbèsè, kì í kàn béèrè pé ṣé ọjà ti òkè òkun dé ni. Òkè òkun wo? Ti London á wọlé, á sì ṣiṣẹ́. Ti Abidjan, tí àwọn ará Èjìgbò ń kó bọ̀, plọ́ọ̀gì oníhóró róbótó méjì nìkan ni ìyọnu rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà lowó rẹ̀ máa ń já wálẹ̀, torí ẹ ò tíì ra step-down.

Nísinsìnyí, ẹ yí ṣájà lábẹ́ padà, ẹ ó rí 100–240V, 50/60Hz. Fóònù àti kọ̀ǹpútà ti bọ́ nínú ìjà yìí. Ohun tó ń gbóná ló ṣì wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa japa lọ sí Kánádà, ó gbé kẹ́tù́ù 2000 wáàtì tó rà l'Òṣogbo dání. Lórí 120 fólítì, kò tó 550 wáàtì mọ́. Ó ní òun máa ń gbé e kaná kóun tó lọ wẹ̀.

Nígbà tí Màmá papò dà, a rí áyọ́ọ̀nù náà nísàlẹ̀ àpótí wọn. Ìró léèsì oníhò yẹn ni wọ́n fi wé e. Àbúrò bàbá wa tó wálé fún ìsìnkú gbé e, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, ó fọwọ́ tọ́ eyín plọ́ọ̀gì wò: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.

"Ta ló pààrọ̀ plọ́ọ̀gì yìí?"

Ẹ̀gbọ́n wa ní òun fẹ́ lọ wo jẹnẹrétọ̀ níta.