Òyìnbó Gba Agbo Lọ́wọ́ Ère

Ní oṣù kejì ọdún 1826, eré kan wáyé ní ààfin Ọ̀yọ́-Ilé tó yẹ kí gbogbo ọmọ ọ̀jẹ̀, àwa tó ń fi eégún ṣeré, mọ̀. Aláàfin Májòtú ló ní kí wọ́n ṣe é fún àlejò rẹ̀, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, àti Richard Lander tó ń ṣe ìránṣẹ́ fún un. Clapperton kọ ohun tó rí sílẹ̀. Àwọn kan kọ́kọ́ wọ inú àpò, wọ́n ń jó, wọ́n ń tàkìtì. Ère ló tẹ̀ lé wọn. Orí rẹ̀ kọ́kọ́ yọ nínú àpò, ó ń wá ẹni tí yóò bù jẹ, lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ jáde, gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 14. Aṣọ tí wọ́n kùn ni awọ rẹ̀, ènìyàn ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń wọ́ nílẹ̀ bí ejò gidi.

Ìdán kẹta ló mi agbo tìtì. Àpò kan dúró, ó ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀, títí òyìnbó kan fi yọ, funfun báláú, ó gbẹ bí ẹni tí òtútù ń pa. Ó ń fín aáṣáà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó ń rìn bí ẹni tí kò fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Èrò ń yíjú sí Clapperton, wọ́n ń bi í bóyá kò dára. Òun náà ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Oṣù kìíní ọdún náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú, òun gan-an ló sì ti di ẹ̀fẹ̀ yìí.

Àwọn wo ló wà lójú agbo kí òyìnbó tó dé? Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìgbòho, níbi tí àwọn Aláàfin tẹ̀dó sí lẹ́yìn tí Tápà lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ìtàn tí Samuel Johnson kọ ni pé nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ kó ìlú padà sílé, àwọn ìjòyè tí Ìgbòho ti mọ́ lára kò fẹ́. Wọ́n rán abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá, arọ àti ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ yọ síta lọ ṣe bí iwin lórí òkè ní Ọ̀yọ́-Ilé, kí ọba lè bẹ̀rù. Ọba rán ọdẹ, ọdẹ mú gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe Abípa ní Ọba M'ọ́rọ̀, ọba tó mú iwin. J. A. Adédèjì, tó ṣèwádìí eré alárìnjó ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìyẹn eré eégún tí ọ̀jẹ̀ ń gbé káàkiri, so ìbẹ̀rẹ̀ eré náà mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí àti àwọn tí ọdẹ mú.

Nínú ohun tí Clapperton kọ, kò sí abuké, kò sí aràrá. Àwọn àlejò ti gba ipò wọn. Tápà tó lé àwọn baba wa kúrò nílé pàápàá di ìdán tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, Ìdàhọ̀mì àti Gàm̀bàrí náà di ìdán, ọlọ́pàá sì dé nígbà ìjọba òyìnbó.

Agbolé ọ̀jẹ̀ ni wọ́n bí mi sí ní Ṣakí. Ní kékeré wa, bí ère bá ń ká lọ́wọ́, àwa ọmọdé á máa pariwo pé, "Ọlọ́pàá dà?" Ó ń dun bàbá mi. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá lè fẹnu súfèé lè ṣe ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ láti mí nínú aṣọ ère láìjẹ́ kí aṣọ mì.

Kì í ṣe eré tiwa nìkan ni ẹni tuntun ti ń gba agbo. Ní 1991, Timothy Zahn kọ ìwé kan lórí ayé inú fíìmù Star Wars, ó sì dá Thrawn àti Mara Jade sílẹ̀. Luke Skywalker, akọni fíìmù náà tí gbogbo ayé ti mọ̀, wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjì yìí ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń béèrè. Thrawn lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tó fi dé orí tẹlifíṣọ̀n ní 2016.

N kò bá ẹni tuntun jà. Èrò ń fẹ́ rí ayé tí wọ́n ń gbé nínú rẹ̀, eré tí kò bá sì gba àlejò yóò kú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà mọ ètò: ìjúbà ló ń ṣáájú, ijó tẹ̀ lé e, ẹranko jáde, kí ẹlẹ́fẹ̀ tó dé. Ère ló ń mú kí agbo gbóná de òyìnbó. Ẹgbẹ́ tó bá gbé ọlọ́pàá nìkan jáde, ẹ̀rín ìṣẹ́jú kan ló ń tà.

Ẹ̀yin olórí ọ̀jẹ̀ ní Ṣakí, Ìgbòho àti Ìsẹ́yìn, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní ère kí ẹ tó fún wọn ní fìlà ọlọ́pàá. Ẹ pe àwọn àgbà tó ṣì mọ̀ ọ́n ṣe, kí ẹ sì ya fídíò wọn nísinsìnyí tí wọ́n ṣì lè ká.