Ọ̀bẹ kíká: bó ṣe ń gbó àti bí a ṣe ń tún un ṣe nílé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ agbègbè Tchaourou tẹ́ ẹ máa ń fi ọ̀bẹ kíká sápò, ṣóńṣó rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa yẹ̀ wò. Douk-Douk, tí wọ́n ti ń ṣe ní Thiers, nílẹ̀ Faransé, láti 1929, irin ni èèkù rẹ̀. Bí ṣóńṣó rẹ̀ bá dá, ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kẹ́ ẹ ti lọ̀ ọ́ lórí òkúta. Tẹ́ ẹ bá lọ̀ ọ́ láti ojú, ṣóńṣó tuntun náà á yọ síta tẹ́ ẹ bá ká a, á sì gún yín nítan.

Bí ìṣó rẹ̀ bá tú, ẹ gbé e lé irin, ẹ fi òòlù kàn án díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa ṣí i wò. Bó bá le jù, kò ní ṣí mọ́.

Igi ni èèkù Opinel. Òjò á mú un wú, ọ̀bẹ á há. Abẹ́ ìbòòji ni kẹ́ ẹ sá a sí, torí oòrùn lè la igi náà.