Ìdánimọ̀ Ènìyàn Nínú Fọ́tò Seydou Keïta àti Malick Sidibé

Ní ọdún 2001, ilé ọnà Fogg ní Yunifásítì Harvard, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, pàtẹ fọ́tò àwọn ọmọ Màlì méjì pọ̀ lábẹ́ àkọlé "You Look Beautiful Like That". Seydou Keïta àti Malick Sidibé ni wọ́n. Bàmákò, olú-ìlú Màlì, ni àwọn méjèèjì ti ní sítúdíò, owó àwọn oníbàárà tó wá ya fọ́tò ni wọ́n sì fi ń jẹun. Ìbéèrè tí irú ìpàtẹ báyìí ń gbé dìde ni ti ìdánimọ̀: nínú fọ́tò, ta ní ń pinnu irú ẹni tí ènìyàn jẹ́? Bí a bá gbé iṣẹ́ àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹni tó jókòó síwájú kámẹ́rà ni agbára ìpinnu náà pọ̀ sí lọ́wọ́ jù.

Nǹkan bí ọdún 1921 ni wọ́n bí Keïta. Iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́kọ́ kọ́, kí àgbà kan nínú ẹbí rẹ̀ tó fún un ní kámẹ́rà Kodak kékeré ní 1935. Ní 1948, ó ṣí sítúdíò sí Bàmákò-Coura, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, tí èrò ọkọ̀ àti ará ìlú fi jọ ń yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló sábà máa ń lò, aṣọ orí ibùsùn rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Rédíò, aago ọwọ́, kálámù, kódà mọ́tò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kó hàn nínú fọ́tò òun. Ayé ìjọba Faransé nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ ti wúwo. Ṣáájú Keïta, àwọn ayafọ́tò bíi Fortier, ará Faransé tó fi Dákà ṣe ibùjókòó, ti ya ọ̀pọ̀ ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sórí káàdì ìfìwéránṣẹ́. Orúkọ ẹ̀yà ni wọ́n sábà máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé ojú ẹnì kan lè dúró fún ojú gbogbo ìran rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni obìnrin tó wọ aṣọ olódòdó síwájú aṣọ olódòdó mìíràn ní sítúdíò Keïta. Ó mọ aṣọ tó wọ̀ wá, ó mọ ohun tó fi sétí, ó sanwó, ó sì gbé fọ́tò rẹ̀ lọ sílé.

Àwọn ọ̀dọ́ ìgbà òmìnira ni Sidibé ní tirẹ̀ yà. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Gérard Guillat, ayafọ́tò ará Faransé kan, kó tó dá Studio Malick sílẹ̀ ní Bagadadji. Màlì gba òmìnira ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án 1960, àwọn ọ̀dọ́ sì ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti ṣe àríyá. Sidibé a máa gbé kámẹ́rà lọ bá wọn lóde ijó. Bó bá dé, á fọ fíìmù, á lẹ àwọn fọ́tò kéékèèké mọ́ páálí, kí olúkúlùkù lè wá ṣa tirẹ̀. Nínú "Nuit de Noël" tó yà ní 1963, ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń jó, wọ́n forí kanrí. Inú ìjọba Ààrẹ Modibo Keïta kò dùn sí irú ijó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ jó o, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀.

Ó rọrùn láti pe Keïta ní ayafọ́tò àṣà ìbílẹ̀, kí á pe Sidibé ní ti òde òní. Ìpín yìí kò dúró, nítorí kóòtù òyìnbó àti rédíò kún inú fọ́tò Keïta. Ipò láàrin ẹbí àti ìlú ni oníbàárà Keïta ń fi hàn. Ti Sidibé ń fi ẹgbẹ́ tó yàn hàn. Irú fífi ipò hàn bíi ti oníbàárà Keïta wà nílẹ̀ Yorùbá náà: ní 1978, Stephen Sprague kọ ọ́ nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts bí àwọn Yorùbá ṣe ń jókòó gbagidi fún fọ́tò, ojú síwájú, ọwọ́ lórí orúnkún, kí iyì wọn lè hàn.

Àléébù kan wà nínú irú ìpàtẹ bíi ti Harvard. Fọ́tò Keïta kéré tẹ́lẹ̀, inú ilé ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ní New York ní 1991, wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn láìmọ orúkọ ẹni tó yà á, kí André Magnin, olùpàtẹ iṣẹ́ ọnà ará Faransé, tó wá a kàn ní Bàmákò. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tẹ fọ́tò náà ní ńlá fún ògiri. Orúkọ ayafọ́tò ti padà. Ti ọ̀pọ̀ àwọn tó sanwó fún fọ́tò náà kò tíì padà. Keïta kú ní oṣù kọkànlá 2001, Sidibé kú ní 2016, àwọn tó lè sọ orúkọ wọ̀nyẹn sì ń dín kù. Kí àwọn olùwádìí gbé àwọn fọ́tò náà padà lọ sí àdúgbò Bàmákò-Coura àti Bagadadji, kí wọ́n bi àwọn ẹbí léèrè, kí wọ́n sì kọ orúkọ sábẹ́ wọn.